Owó-orí àti Àwọn Àgbà Wa ní Àjò

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìdílé. Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 47:7–12 àti 23–28.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí pé n óò tún sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀, ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ríru gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo lọ bẹ ìyá kan wò nínú ìjọ wa, nítorí pé a kò rí wọn ní ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé àwọn àgbà ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Jane. Wọ́n ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí, bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Mo bá wọn lórí àga, ẹsẹ̀ wọn wú. Mo so ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò mọ́ wọn lápá, ohun tí mo kà níbẹ̀ dẹ́rù bà mí. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Wọ́n ní àwọn ń lò ó lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìgò rẹ̀. Gbogbo hóró oògùn tí ó wà nínú ìgò náà ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ ìdáná gé sí méjì.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, mo ń ṣọ́ ọ lò ni. Ìjọba ti gba owó lọ́wọ́ mi."

Mo béèrè pé lẹ́tà wo ni ìjọba kọ sí wọn. Wọ́n fa àpò kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́tà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Ọmọ wọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Alberta, ọmọ wọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ìhà Brampton, oníkálukú sì rò pé èkejì ni ó ń bójú tó ìwé Màmá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Màmá ti lọ sí Ìbàdàn ní oṣù kejìlá nítorí òkú ẹ̀gbọ́n wọn, wọn kò sì padà dé kí oṣù karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin tí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn fún fọ́ọ̀mù owó-orí ti kọjá lọ, kò sí ẹni tí ó fi tiwọn ránṣẹ́. Nígbà tí ó di oṣù keje, owó àfikún tí wọ́n fi ń jẹun dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Owó-orí kẹ̀? Èmi tí n kò ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ? Kí ni mo ní tí n óò san owó-orí lé lórí?"

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyá yìí ṣẹ̀sín. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, tí mo sì ń ka ẹ̀kọ́ ní iwájú ìjọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ fún ìyá tèmi ní ọdún tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní, "Ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́, ẹ̀yin kò ní owó kankan tí ẹ fẹ́ kọ síwèé." Ọdún méjì gbáko ni mo fi ìmọ̀ràn yẹn fi owó tí ó tọ́ sí wọn ṣòfò.

Mo ti rò ó jinlẹ̀ pé ìdí wo ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń ṣòro fún àwọn àgbà wa. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀. Owó-orí ni a ń pè é, owó tí a ń gbà ní orí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn bàbá àti ìyá wa rí nínú rẹ̀ nílé kò dára. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀, títí Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jọ lọ sí ààfin ní ọdún 1947. Ọ̀rọ̀ náà le dé bi pé Aláké, Ọba Ademola Kejì, fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní àgbègbè Ìbàdàn dìde pé ìyà ń jẹ wọn. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Tafa Adeoye ti Akanran jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó gbà láti dín owó náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ìyá tí mo ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n nígbà náà, abúlé wọn kò sì jìnnà sí Akanran. Wọ́n sọ fún mi bí ọkọ wọn ṣe sá wọ inú oko kòkó, tí àwọn fi ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní òru. Ṣé ẹni tí ó rí èyí ni a óò sọ fún pé kí ó fi inú dídùn mú orúkọ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ lọ fún ọ́fíìsì owó-orí?

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní income tax yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sá fún. Fún àgbà tí owó rẹ̀ kéré, fọ́ọ̀mù yẹn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìbéèrè owó ni. Nípa rẹ̀ ni ìjọba fi ń mọ̀ pé ẹni yìí wà láàyè, pé ó ń gbé ìlú yìí, àti pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹni tí kò bá sì fi ránṣẹ́, lójú wọn, kò béèrè nǹkan kan. Owó-orí tí àgbà ń san ní tòótọ́ ni èyí tí kò rí, ìyẹn HST, ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ọjà ní Ontario láti ọdún 1 July 2010. Díẹ̀ nínú èyí ni ìjọba ń dá padà fún àwọn tí owó wọn kéré, ṣùgbọ́n fún kìkì àwọn tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Jákọ́bù nínú Bíbélì kíkà wa. A sábà máa ń ka ìtàn Jósẹ́fù gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọmọ tí ó ríṣẹ́ ńlá ní ìlú òyìnbó, kí a tó dé orí 47 ó ti rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni bàbá arúgbó ti dé. Ẹni àádóje ọdún ni Jákọ́bù nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a kọ sílẹ̀ pé ọba bi í ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ọ́fíìsì Service Canada, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀! Jákọ́bù sọ iye tí ó jẹ́ gan-an. (Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni ó ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ibi iṣẹ́. Èyí tí ó wà nínú ìwé tí ẹ fi wọ ilẹ̀ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó bá dín ọdún márùn-ún kù nítorí iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà lè rí i pé òun yóò fi ọdún márùn-ún dúró de owó àgbà níbí.)

Orí kan náà ni ó sọ fún wa nípa owó-orí Íjíbítì, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìkórè. Ó ní ti àwọn àlùfáà nìkan ni a kò gbà. Kí ẹ̀yin àlùfáà wa má fi ẹsẹ̀ yẹn bẹ̀bẹ̀ o, ní Kánádà àlùfáà ń san owó-orí. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé Jósẹ́fù kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó lọ wá ọ̀nà ọ́fíìsì Fáráò fúnra rẹ̀. Òun ni ó mú un wọlé. Òun ni ó mọ èdè ibẹ̀, òun ni ó mọ òfin ilẹ̀ àti ti oúnjẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jákọ́bù sì lò síi ní àjò náà. Arúgbó tí a rò pé ó wá fún ìgbà díẹ̀ lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Nísinsìnyí, bí owó náà ṣe ń rìn. Owó mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni Canada Pension Plan, tí ó wà fún ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ níbí tí wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó tàbí ilé iṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ ní nǹkan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Èkejì ni Old Age Security, owó àgbà, tí wọ́n ti ń san láti ọdún 1952. Èyí kò béèrè bóyá ènìyàn ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ènìyàn ti pé ọmọ ọdún 65, kí ó sì ti gbé Kánádà fún ọdún 10 ó kéré tán lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 18. Ẹni tí ó gbé ibí fún ogójì ọdún ń gba ẹ̀kún rẹ́rẹ́. Ẹni tí ó gbé ọdún mẹ́wàá ń gba mẹ́wàá nínú ogójì, ìyẹn ìdámẹ́rin. Ìyá wa yìí dé ní ọdún 2003, ọmọ ọdún 61 ni wọ́n, kí wọ́n tó lè gba ohunkóhun ó di ọdún 2013. Kánádà ní àdéhùn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ka ọdún tí ènìyàn lò lọ́hùn-ún mọ́ tibí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní ilé ìwé Ọ̀yọ́ kò lè gbà yín níbí.

Ẹ̀kẹta ni Guaranteed Income Supplement, èyí tí mo ń pè ní owó àfikún. Ọdún 1967 ni ó dé. Fún àgbà tí owó àgbà rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin, tí kò sì ní nǹkan mìíràn, àfikún yìí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi ń jẹun. Láti oṣù keje dé oṣù kẹfà ọdún kejì ni wọ́n ń ka ọdún rẹ̀, ìwé owó-orí ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí ìwé náà bá dé kí oṣù kẹrin tó parí, owó ń bá a lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá dé, owó lè dúró ní oṣù keje. Àfikún yìí fúnra rẹ̀, a kì í san owó-orí lé e lórí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé fún láti mú un wá gẹ́gẹ́ bí òbí ní láti béèrè lọ́wọ́ Service Canada bí àdéhùn ọmọ náà ṣe kan àfikún yìí, nítorí ogún ọdún ni ọmọ tí ó ń mú òbí wá sí Ontario fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn báyìí. Àwọn òbí tí wọ́n wá pẹ̀lú super visa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àlejò ni wọ́n, wọn kò ní OHIP, wọn kò sì ní owó àgbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìjọba fi ń béèrè ìwé ìdáàbòbò ìlera tí ó tó $100,000 lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìwé náà kọjá láìtún un ṣe. Mo ti rí ohun tí alẹ́ kan péré lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lè ṣe sí ìdílé tí kò ní in.

Ẹni tí ó ti pé ọdún 65 tí kò tíì béèrè owó àgbà kò gbọdọ̀ máa sọ pé "ó di ọdún tó ń bọ̀." Owó ẹ̀yìn tí wọ́n ń san kì í ju ti oṣù 11 lọ. Ìyókù ti bọ́.

Ó wá ku ilé tí a fi sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ojú ń kọ́. Ẹni tí ó jẹ́ olùgbé Kánádà ní láti kọ gbogbo owó tí ó wọlé fún un ní gbogbo ayé sínú ìwé náà, tí ó fi mọ́ owó ilé tí ó wà ní Ìbàdàn, Àgége tàbí Ìkòròdú, àti owó ìfẹ̀yìntì tí Nàìjíríà bá ń san. Àwọn kan ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Bàbá kan sọ fún mi pé owó ilé òun kò kan ọba òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ilé bá ń mú ₦600,000 wọlé lọ́dún, ní ìparí ọdún 2024 tí dọ́là Kánádà kan ti ju ₦1,000 lọ, owó náà kò tó $600. Àfikún àgbà tí ó ń dá gbé máa ń dín ní nǹkan bí dọ́là kan fún dọ́là méjì tí ó bá wọlé fún un láti ibòmíràn. Nítorí náà yóò dín ní bíi $300 lọ́dún, $25 lóṣù, kí a tó yọ owó àtúnṣe ilé kúrò. Nítorí $25 lóṣù ni àgbàlagbà ṣe ń fọwọ́ sí ìwé tí kì í ṣe òótọ́, tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí lẹ́tà bá dé! Mo sì gbà pé èyí wà lára ìdí tí àwọn kan kì í fi í tú lẹ́tà.

Òfin kò sì fẹ́ kí a san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì. Nàìjíríà àti Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn lórí èyí ní ọdún 1992, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó-orí tí ẹ bá san lọ́hùn-ún. Ẹni tí iye tí ó fi ra tàbí kọ́ àwọn ohun ìní rẹ̀ ní òkè òkun bá ju $100,000 lọ, bí ilé tí a fi háyà, ilẹ̀ tí a rà láti tún tà, tàbí owó ní báńkì, ní fọ́ọ̀mù mìíràn láti kún, T1135. Ilé tí ènìyàn fi pamọ́ fún ara rẹ̀ láti máa sùn sí bí ó bá lọ sílé kò sí nínú rẹ̀. Ìtanràn ẹni tí kò bá kún un jẹ́ $25 lóòjọ́, ó sì lè dé $2,500. Ẹni tí ó ti fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn lè lọ jẹ́wọ́ fún ọ́fíìsì owó-orí kí wọ́n tó wá a wá. Ètò wà fún irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dín ìtanràn kù.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sílé tún wà, tí òtútù ilẹ̀ yìí ń mú kí a fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ó ti dúró de bọ́ọ̀sì 35 ní ojú ọ̀nà Jane ní oṣù kìíní mọ ìdí tí àgbà fi ń fẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù yín. Bí ẹ bá kúrò ní Kánádà fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́fà lọ, owó àfikún yóò dúró. Owó àgbà fúnra rẹ̀ yóò dúró pẹ̀lú, àfi bí ẹ bá ti gbé ibí fún ogún ọdún ó kéré tán lẹ́yìn ọdún 18 yín. Ẹ ní láti sọ fún Service Canada bí ẹ bá máa pẹ́. Ìwé ìrìnnà ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè béèrè owó náà padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ti OHIP yàtọ̀: ẹ ní láti wà ní Ontario fún ọjọ́ 153 ó kéré tán nínú oṣù méjìlá èyíkéyìí. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ wò ó bóyá ẹ ó padà dé kí oṣù kẹrin tó parí. Bí ẹ kò bá ní dé, ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bá yín kún fọ́ọ̀mù.

Oògùn ńkọ́? Ní Ontario, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 tí ó sì ní OHIP wà lábẹ́ ètò oògùn ìjọba. Àgbà tí owó rẹ̀ kéré kì í san ju $2 lọ fún oògùn kan tí dókítà kọ. Àwọn tí owó wọn jù bẹ́ẹ̀ ń san $100 àkọ́kọ́ lọ́dún, lẹ́yìn náà wọn kì í san ju $6.11 lọ. Ta ni ó ń sọ fún wọn pé owó yín kéré? Ìwé owó-orí ni. Ìwé kan náà ni wọ́n ń wò fún ètò ìtọ́jú eyín àwọn àgbà, fún owó Ontario Trillium Benefit, àti fún ilé tí a ń fi iye owó tí ń wọlé díwọ̀n owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tiyín ní Toronto tí owó-orí ilé sì ń wọ̀ yín lọ́rùn, ètò wà ní ọ́fíìsì ìlú fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tí owó wọn kéré, láti dá díẹ̀ dúró tàbí láti fa díẹ̀ kúrò. Àgbà tí kò lè rìn dáadáa, tí kò ríran, tàbí tí iyè rẹ̀ ti ń sọnù lè béèrè fún Disability Tax Credit. Dókítà tàbí nurse practitioner ní í fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bí tèmi kò lè fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ má mú un wá bá mi lẹ́yìn ìsìn.

Ta ni yóò bá wa kún un? Láti ọdún 1971 ni ètò kan ti wà tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn fi ń kún fọ́ọ̀mù fún àwọn tí owó wọn kéré láìgba owó, pàápàá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ẹ pe nọ́ńbà 211, wọn yóò sọ èyí tí ó sún mọ́ yín. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti ẹni tí ó ń gba owó ilé. Ẹni tí ó ní ayálégbé ní Nàìjíríà yóò sanwó fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun yóò kọ́kọ́ fún yín lówó lọ́wọ́, kí òun tó gba èyí tí ìjọba yóò dá padà. Òfin ti fi òpin sí ohun tí ó lè yọ: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $300 àkọ́kọ́, àti ìdá 5 lórí ìyókù. Ẹ tún ṣọ́ra fún olè orí tẹlifóònù tí ń halẹ̀ pé ọlọ́pàá ń bọ̀ bí ẹ kò bá ra káàdì ẹ̀bùn láti fi san gbèsè owó-orí. Ọ́fíìsì owó-orí Kánádà kì í gba káàdì ẹ̀bùn. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ má tilẹ̀ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ méjì. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé, iṣẹ́ gbogbo ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ kankan. Ẹ yan ẹnì kan láàárín yín, kí gbogbo yín sì mọ̀ ọ́n. Kí òbí yín fún ẹni náà ní àṣẹ lọ́dọ̀ Canada Revenue Agency àti Service Canada, nítorí pé bí kò bá sí àṣẹ, wọn kò ní bá a sọ̀rọ̀ lórí ìwé yín bí ó ti wù kí ó jẹ́ àkọ́bí tó. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa ìwé àṣẹ méjì tí òfin Ontario là sílẹ̀, ọ̀kan fún ohun ìní, èkejì fún ìtọ́jú ara, nígbà tí iyè wọn ṣì pé. A kì í fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó dà bí ẹni pé a ń fẹ́ ikú fún wọn. Ní ibi iṣẹ́ mi, mo ti rí ìdílé tí ó ń jà lórí ibùsùn aláìsàn nítorí pé kò sí ìwé.

Kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ ṣe é. Má ṣe já lẹ́tà gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Jókòó, tú u lójú wọn, ka a fún wọn ní Yorùbá, sọ iye tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ọ̀gá nílé ìwé, olórí ọjà, tàbí babalọ́jà ní àdúgbò wọn kí wọ́n tó wá di ẹni tí a ń bá kún fọ́ọ̀mù. Ìyẹn ń dun àwọn àgbà ju òtútù lọ, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Fún ìjíròrò ní ilé: Ta ni ó ń tú lẹ́tà àwọn òbí wa? Níbo ni ìwé èsì owó-orí wọn ti ọdún tó kọjá wà? Ọjọ́ wo ni wọ́n kúrò nílùú, ọjọ́ wo ni wọ́n sì padà dé?

Ní ti ìyá wa, ọmọ wọn obìnrin fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Kò sí ìtanràn, nítorí wọn kò jẹ gbèsè kankan. Owó àfikún padà, wọ́n sì san ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá láti oṣù keje. Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ́ díẹ̀ kí ó tó wálẹ̀ ju owó lọ, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Ní báyìí, inú àpamọ́wọ́ ni wọ́n ń kó lẹ́tà wọn sí wá sí ìsìn, wọn a sì gbé e fún mi lẹ́yìn ìbùkún. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, wọ́n dúró tì mí, wọn kò fẹ́ jókòó. Mo tú èkíní, ti ilé ìfowópamọ́ ni. Mo tú èkejì, ìwé èsì owó-orí ọdún yìí ni, òdo ni wọ́n jẹ. Mo tú ẹ̀kẹta, ìpolówó písà ni.